Omi Òkun Tó Wọ Bwari

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Bwari, òkè àti àpáta ló yí ilé wa ká, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkun ni wọ́n fi tọ́ wa. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tí iṣẹ́ gbé wá sí Àbújá, kì í jẹ ẹ̀bà kó má ròyìn Àgbádárìgì, ìlú rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Atẹ́gùn tó ń wo àìsàn, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń fẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé òun ló gbẹ́ òkun.

Èmi náà gbé e dé ilé ìwé. Mo sọ fún Memúnà, ọmọ Kàbbà tó jókòó tì mí, pé etí òkun ni mo ti kọ́ ìrìn.

"Kai! Irọ́ lò ń pa," ló wí. "Bu omi rẹ̀ wá ká rí i."

Gbogbo kíláàsì gbọ́. Bí n kò bá bù ú wá, mo di òpùrọ́ títí a ó fi jáde ìwé mẹ́fà nìyẹn.

Nígbà Kérésìmesì, bàbá mi kó wa lọ sí Àgbádárìgì. A gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, a sì sọ̀ kalẹ̀, ó tán. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de àwọn ẹrú hàn wá, àwọn àlejò sì ń rẹ́rìn-ín ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé ibi ìgbéyàwó ni wọ́n wà. Títí dòní ló ń bí mi nínú.

Ó wá ku òkun. Ọkọ̀ ojú omi la ó fi sọdá ọ̀sà kí a tó dé ibẹ̀. Bàbá mi wo ọkọ̀, ó wo omi, ó fà sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí àwa náà sún mọ́ ọn. Ẹ̀rù omi ń ba ọmọ Àgbádárìgì!

"Ṣé ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń hó lọ́hùn-ún?" ló wí. "Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, ó ti rí i."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́ bọ́ nídìí rẹ̀. Èmi ń sunkún. Ìgò tí mo gbé wá láti fi bu omi òkun ṣófo.

Nígbà tí a padà dé Bwari, mo bu omi ẹ̀rọ sínú ìgò, mo da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i. Memúnà tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù. "Òótọ́ ni o!" Ó bẹ̀ mí kí n fún òun ní ìgò náà, mo sì fún un.

Lónìí, orí fóònù làwọn ọmọ mi ti ń wo òkun. Kò sẹ́ni tó lè fi tan wọ́n. Ìgò tiwa wà ní pálọ̀ Memúnà ní Life Camp ní Àbújá, nínú àpótí onígíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé e jáde fi han àlejò kan lójú mi.

"Ọ̀rẹ́ mi yìí ló bù ú wá fún mi láti Àgbádárìgì," ló wí. "Kò parọ́ fún mi rí."

Ojú tì mí dé ìdodo. Mo rántí bàbá mi tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ìgbì pọ̀ lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kó gbé mi lọ."