Ewé Tútù Nínú Pápá Ẹṣin

Mo gbọ́ bí tapólì tí a fi bo tírélà ṣe ń lu ara rẹ̀, pà-pà-pà, kí okùn rẹ̀ tó já. Kí n tó yíjú padà, atẹ́gùn ti ń gbé ẹ̀ka igi tí a gé láàárọ̀, ó ń dà wọ́n sínú pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹṣin mẹ́ta wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọkọ̀ dúró!"

Ẹ̀gbọ́n Wálé ni ọ̀gá mi. Ẹnjiníà ni wọ́n nílé iṣẹ́ epo rí. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ra truck kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará Calgary ní Canada níbí tún àyíká ilé wọn ṣe. Wọ́n gbà mí torí pé ẹ̀kọ́ nípa igbó ni mo kà ní Nàìjíríà. Láàárọ̀ yẹn, a gé ọgbà igi àtijọ́ kan ní àdúgbò Rundle, a sì ń kó o lọ dànù lẹ́yìn ìlú.

"Kí ló dé? Ewé lásán ni, a máa ṣà á."

"Májèlé ni, ẹ̀gbọ́n. Japanese yew ni. Ó máa ń pa ẹṣin!"

Ojú wọn yí padà. Mo ti ń sáré lọ.

Igi tó lẹ́wà ni. Orí òkè ilẹ̀ Japan àti Korea ló ti wá, níbi tó ti máa ń hù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi igi rẹ̀ tó le gbẹ́ ọrun àti ère. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó pẹlẹbẹ, ó sì dúdú mininjọ nígbà òtútù àti nígbà ooru. Kò ní èso líle bíi ti igi pine. Ife pupa kékeré kan ló máa ń so, tí kóró wà láàárín rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹran ara ife pupa yẹn, kò síbi tí májèlé kò sí lára rẹ̀. Ọkàn ló máa ń dá dúró. Ewé tó ti gbẹ pàápàá ṣì lè pa ẹran.

Snow ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán ni. Koríko pápá náà ti gbẹ, ó ti pọ́n, ẹ̀ka wa nìkan ni nǹkan tútù tó wà níbẹ̀. Àwọn ẹṣin gbé orí sókè, wọ́n ń bọ̀.

N kò sún mọ́ ẹṣin rí láyé mi. Mo gba abẹ́ wáyà wọlé, ṣòkòtò mi fàya, mo ń fì jákẹ́ẹ̀tì mi, mo ń pariwo. Obìnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Joan, tó ni àwọn ẹṣin náà, sáré jáde látinú ilé ẹṣin. Mo ṣàlàyé fún un láìmí. Kò béèrè ohun kejì. Ó mi garawa oúnjẹ wọn, méjì tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ̀kẹta, abo ẹṣin pupa kan, dúró, ó ń jẹnu wọ́mú-wọ́mú.

Joan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fa ewé tó ti rún jáde.

"Ṣé ó ti gbé díẹ̀ mì?" ló bi mí.

N kò mọ̀.

Dókítà ẹran tí Joan pè sọ lórí fóònù pé kò sí oògùn tó ń pa májèlé yìí. "Ẹ má jẹ́ kó sáré, ẹ má dẹ́rù bà á, mò ń bọ̀," ló wí. A rọra mú un wọ ilé ẹṣin, a sì dúró tì í. Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn. Ìgbàkígbà tí awọ ara rẹ̀ bá gbọ̀n, mo máa ń rò pé ó fẹ́ ṣubú. Níta, Ẹ̀gbọ́n Wálé wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń ṣa ewé sínú àpò.

"Yew?" Joan sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ara irú igi yẹn ni wọ́n ti rí oògùn tí wọ́n fi wo jẹjẹrẹ ọmú mi."

"Òótọ́ ni. Ìbátan ni igi tó mú oògùn yẹn wá àti èyí."

Ó gbé ojú lé ara ẹṣin náà.

Dókítà dé, ó fi ọ̀pá rọ́bà rọ èédú tó máa ń fa májèlé mọ́ra sí i nínú, ó sì ń gbọ́ àyà rẹ̀ léraléra. Ọkàn náà ń falẹ̀. A dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Nígbà tó yá, ẹṣin náà na ọrùn, ó já koríko gbígbẹ jẹ. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Joan jókòó sílẹ̀, ó sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Wálé wọlé, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ Joan. Joan rò pé wọ́n dákú ni, ló bá figbe ta sí dókítà.

Lónìí, èmi ni mò ń bójú tó igi títà níbi iṣẹ́ wa. Mo ṣì ń ta yew, torí pé ó dára fún ẹ̀yìn ilé tí oòrùn kì í dé. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n bí síbí wá láti àdúgbò Pineridge, ó gbé ìkòkò yew kan.

"Aunty, I just want something green for the winter."

"Kí ló ń gbé nílé yín? Ajá? Ọmọ?"

"My daughter. She puts everything in her mouth."

Mo gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní spruce, igi tútù mìíràn tí kò ní májèlé.

"Aunty, you look scared."

"Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́," mo ní. "Ara iṣẹ́ mi ni."