Ìdọ̀bálẹ̀ Létí Adágún Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n fẹ́ tìtorí pẹ́pẹ́yẹ gba ọkọ lọ́wọ́ mi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó sì pẹ́ kí n tó lè fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Tíṣà ni bàbá mi ní Igbó-Ọrà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí kò rí ọmọ ilé-ìwé tí yóò máa bá wí mọ́, ó ra pẹ́pẹ́yẹ. Kòtò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé náà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kòtò yẹn á kún, á di adágún, kò sì ní gbẹ àfi nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ ló kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ sí. Láàárọ̀, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn lọ sínú omi, òun náà á máa tẹ̀lé wọn. "Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, tò dáadáa!" Mo fi Ọlọ́run búra, pẹ́pẹ́yẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó sì ti ṣèlérí pé àwọn la ó pa níjọ́ ìgbéyàwó mi, pé ẹran ewúrẹ́ ti sú gbogbo ayé.

Àṣá ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ rú. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ á wà lójú omi jẹ́jẹ́, ẹ ó kàn gbọ́ fìrì, ọ̀kan ti lọ. Bàbá mi sọ òkúta, ó lu agolo, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi pòròpórò àgbàdo di ère èèyàn kan, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀ lóko láti lé ẹyẹ. Ó fi akèrègbè ṣe orí rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ ní àkísà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àṣá ti bà lé akèrègbè yẹn, ó ń wo ọ̀tún wo òsì bí onílé.

Bàbá mi ronú sí i. Ó ní, "Aṣọ òtòṣì la wọ̀ fún un. Ta ló ń bẹ̀rù òtòṣì?" Ló bá wọ yàrá lọ, ó gbé agbádá rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó mú fìlà, ó mú awò ojú rẹ̀ tí gíláàsì kan ti fọ́. Ó gbé ère náà jókòó sórí àga onígi, ó na agboòrùn lé e lórí. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Ọkọ méjì ni mo wá ní báyìí. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, òun ni mo fẹ́ràn jù."

Àṣá sá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko gba etí adágún yẹn kọjá, ta ni yóò sì rí àgbàlagbà lórí ìjókòó tí kò ní kí i? Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó tó múlé tì wá fi wọlé pẹ̀lú ojú líle. "Mo kí bàbá yín lánàá, kò dáhùn. Mo tún kí i láàárọ̀ yìí, kò dáhùn. Kí ni mo fi ṣe é?" A mú un dé ìdí ère náà, ó fọwọ́ kàn án, ó ṣe háà. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó o, Tíṣà!" Mo ní, "Ìyá, ṣebí ẹ ti mọ̀ pé pòròpórò ni." Ó ní, "Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìkíni ò pa èèyàn."

Nígbà tí gbogbo àdúgbò wá mọ̀ tán, bàbá mi gbé ère náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga láti gba atẹ́gùn. Ẹnikẹ́ni ò kí i. Ọkùnrin kan tilẹ̀ yà síbẹ̀, ó ń tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bàbá mi ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ọkùnrin náà fò sókè, ó sá lọ láì so ṣòkòtò. Bàbá mi bínú wọlé, kò jẹun alẹ́.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń dín kù. Bàbá mi ní olè ni. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga.

Ọ̀rọ̀ tèmi ló kàn báyìí. Ará Tápà, ìlú tí kò jìnnà sí tiwa, ni ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni wá, ìyẹn nìkan ti tó ìjà. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ ní òun ò gbọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, kó tó gbà láti wá fojú rí wa. Mo sì mọ̀ pé ó kàn ń wá ẹ̀sùn ni. Bó bá rí ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nílé wa, ó parí nìyẹn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, n kò ní purọ́. Àdúrà tí mo ń gbà ni pé kí bàbá mi má sọ̀rọ̀ jù.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dé. Bàbá mi wọ aṣọ òkè tó dára jù, òun àti ìyá mi àti àwọn ẹbí jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ń retí àlejò. Èmi wà nínú ilé ìdáná lẹ́yìn, mo ń se ẹran. Òjò ti ba ọ̀nà iwájú jẹ́, ni mọ́tò bá já àwọn àlejò sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì gba etí adágún wá. Bàbá ọkọ mi ló ṣíwájú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e, àti ọkùnrin méjì nínú ẹbí wọn. Ọkọ mi kò bá wọn wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun nìkan ló mọ bàbá mi lójú.

Ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn tí wọ́n dúró. Wọ́n rí àgbàlagbà nínú agbádá, lábẹ́ agboòrùn, tó jókòó bí ẹni ń retí àlejò. Bàbá ọkọ mi tún aṣọ ṣe, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá ìyàwó," ló bá na gbalaja sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì náà nà tẹ̀lé e. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe é: ẹni tó wá tọrọ ìyàwó kì í dá ara rẹ̀ dìde, àfi bí ẹbí ìyàwó bá ní kó dìde.

Mo gbé! Mo fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í yọjú kí wọ́n tó pè é. Bí mo bá sáré jáde pẹ̀lú èédú lójú, wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí n kò bá jáde, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n wà yẹn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo dúró, mo di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ jáde nínú omi wá wo àlejò. Ọ̀kan gun bàbá ọkọ mi lẹ́yìn, kò mira. Mo gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn onígbàgbọ́ yìí mà le o."

Níbi tí bàbá ọkọ mi dojú bolẹ̀ sí ló ti rí ojú méjì lábẹ́ agbádá. Awọ́nríwọ́n ni, ó gùn ju apá èèyàn lọ, ó tẹ́ sábẹ́ òjìji àga, ìyẹ́ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni olè wa ń gbé látọjọ́ yìí, tí ère ń bá a ṣọ́lé! Bàbá náà ké pé, "Ẹranko wà lábẹ́ àna mi!" Ó fò dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó là á. Awọ́nríwọ́n bọ́ sómi, ère ló jẹ ọ̀pá. Orí já, ó yí gbirigbiri wọnú adágún, ó ń léfòó tòun ti fìlà. Àbúrò rẹ̀ figbe ta: "Yéè! Ẹ̀gbọ́n ti pa bàbá ìyàwó!"

Bàbá mi sáré yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ta ni wọ́n pa? Èmi ni bàbá ìyàwó!" Obìnrin náà rí i, ó tún ké ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yé bàbá ọkọ mi, ẹrẹ̀ ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. "Àsítágifúrúlàhí! Ère lẹ gbé jókòó dè mí. Èmi, mo forí balẹ̀ fún ère!" Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìwà àṣá fún un, bí ẹni ń kọ́ kíláàsì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju ṣíbí lù ú. Bàbá ọkọ mi kẹ̀yìn sí i, ó ní ọmọ òun kò ní fẹ́ níbẹ̀ láéláé, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n sì ń lọ lóòótọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; omijé bò mí lójú, síbẹ̀ mo rí i tí bàbá mi pa ọ̀rọ̀ àṣá tì.

N kò gbọ́ "ẹ má bínú" lẹ́nu bàbá mi rí, kò sì sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó na gbalaja sínú ẹrẹ̀ kan náà, tòun ti aṣọ òkè, níwájú ère tí kò lórí. Ó ní, "Àna mi, ohun tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún, èmi náà ti dọ̀bálẹ̀ fún un. N kò ní dìde àfi bí ẹ bá ní kí n dìde."

Bàbá ìyàwó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ọkọ! Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Gbogbo wọn dúró. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n mọ ọ̀gá wọn, tò gun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò bàbá ọkọ mi fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dìde kí wọ́n tó yé sí i lẹ́yìn." Bàbá ọkọ mi wo òkè, ó wo ilẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ dìde." Ó tún un wí: "Ẹ dìde, àna mi." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo ń sunkún, ẹran ń jóná.

A ṣe ìgbéyàwó náà. Awọ́nríwọ́n ti jẹ pẹ́pẹ́yẹ débi pé ewúrẹ́ la padà pa.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá mi kú nígbà ọyẹ́. Bàbá ọkọ mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n sì ní kí n mú àwọn gba ẹ̀yìn wọlé. Adágún ti gbẹ, ilẹ̀ rẹ̀ ti sán. Àga onígi náà ṣì wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bàbá dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. Mo di apá wọn mú. "Bàbá, kò sí ẹnìkan níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ yẹn náà, kò sí ẹnìkan níbẹ̀."

Wọ́n nà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi iwájú orí kan ilẹ̀ gbígbẹ, wọn kò dìde. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ní gbogbo ariwo ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde rí. Èmi ìyàwó ilé wọn, ta ni mo jẹ́ tí màá sọ ọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ti lọ, èmi sì ni ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ẹ dìde," mo ní. "Bàbá mi ní kí ẹ dìde, àna wọn."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi, mo sì fà wọ́n dìde.