Èmi, Ìyá Ọkọ Mi àti Apá Kejì Tó Já Wa Kulẹ̀

Ọjọ́ tí àbúrò mi fi apá kejì eré náà ránṣẹ́ sí mi láti Àjàṣẹ́, igbe tí mo ké kò kéré. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà, aṣọ oníbàárà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo sì fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Ìyá ọkọ mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, apá kejì ló dé. Wọ́n ní, "Gbé àga mi wọlé."

Eré aláwòrán ilẹ̀ Japan ni mò ń wí, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé Ìfọ̀nyìn níbí ń pè ní manga. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún àti ìyàwó ilé tó ń ránṣọ, kí ló kàn wá kan eré ọmọdé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ná kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín. Jagunjagun kan tó jẹ́ ojo ló ṣí ilé oúnjẹ sẹ́nu igbó àwọn ẹ̀mí òkùnkùn. Àwọn ẹ̀mí òkùnkùn náà ni oníbàárà rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jà lórí ẹran. Jagunjagun yìí ní idà kan tí kì í jáde nínú àkọ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ọ̀tá á ti dé, ọ̀tá á ti gbá tábìlì dànù, ọ̀gbẹ́ni á ṣì dúró níbẹ̀ tí á máa yin idà, idà á ní oríkì òun kò tíì pé. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Èmi àti Ìyá kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé à ń jà o. Láti Ko-Kúmólú ni wọ́n ti gbé mi wá sí ilé yìí, àbíkẹ́yìn wọn ni mo fẹ́. Mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, wọ́n ń dá mi lóhùn, ó parí. Epo pupa ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í gbélé. Ẹnu wọn mú ju abẹ lọ, gbogbo ẹni tó bá ti bá wọn ná epo rí, láti Bánigbé títí dé Dààgbé, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, tí egungun itan wọn sì dá. Wọ́n di ẹni tó ń jókòó sílé látàárọ̀ dalẹ́, èmi tí mò ń ránṣọ nínú ilé sì di ẹni tó ń jókòó tì wọ́n. Ẹni méjì kò lè máa wo ara wọn bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ojú á máa ti ìkan, inú á máa bí èkejì.

Ni mo bá gbé fóònù mi ti ẹ̀rọ, mo ń wo eré bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, ìyàwó?" Faransé ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, Ìyá kò sì gbọ́ ju "bọ́ńjúù" tí a fi ń kíni àti "dakọ́ọ̀" tí a fi ń gbà fúnni lọ, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Àlàásárì tán, wọ́n á ní, "Jẹ́ ká wo ẹyọ kan kí ilẹ̀ tó ṣú." Ẹyọ kan kì í jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọkọ mi á dé láti oko, á bá wa níbẹ̀, á béèrè oúnjẹ, ìyá rẹ̀ á ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ogun ń jà lọ́wọ́.

Orúkọ àwọn ará inú eré náà kò ṣeé pè fún Ìyá. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ọmọ ọwọ́ ì báà jẹ́. Orúkọ tó bá wù ú ni yóò sọ wọ́n. Èmi náà ti sọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní Ìbàdí-Àrán, mo sọ ẹ̀gbọ́n wọn àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kútọnú ní Akọ̀wé. Ìyá ní, "Èmi náà bá àwọn wọ̀nyí nínú eré wọn ni. Ìyàwó wọn ni mo jẹ́." Wọ́n sọ jagunjagun ní Ojo. Ẹranko ńlá abìyẹ́ tó ń jẹ ìkòkò mọ́ ọbẹ̀, Jẹunkókú. Ọmọbìnrin tó máa ń ṣi ọfọ̀ pè, tó bá fẹ́ pe iná tí ewúrẹ́ á jáde, wọ́n ní Ìyá Eléwúrẹ́.

Ẹnì kan ló wá wọ Ìyá lọ́kàn ju gbogbo wọn lọ. Arúgbó kan ni, kò léyín lẹ́nu, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ìdí iná ló máa ń jókòó sí. Faransé pè é ní sọsiẹ́. Ẹ̀yin ẹ dúró níwájú ìyá ọkọ yín, kí ẹ la ẹnu wí pé, "Àjẹ́ ni arúgbó yìí"! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, "Oníṣègùn ni, Ìyá." Ìyá wo ojú mi, wọ́n wo arúgbó náà bó ṣe gun ìgbálẹ̀ kọjá lójú sánmà, wọ́n ní, "Oníṣègùn tó ń fò. Dakọ́ọ̀."

Agbára arúgbó yìí kì í jáde àfi tí wọ́n bá bí i nínú, kì í sì í pẹ́ bínú. Ó ń bú Ojo, ó ń bú ọba. Ó fi ìgbakọ na olórí àwọn ẹ̀mí òkùnkùn lórí nítorí pé kò nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di itan wọn mú. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ mi nìyí." Ẹgbẹ́ Mi ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Apá kìíní tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í retí èkejì. Láàárín ìgbà yẹn ni Akọ̀wé mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá. Ó ní òun máa gbé Ìyá lọ sí Kútọnú, kí wọ́n máa bá òun gbé, nítorí ilé ìwòsàn wà nítòsí. Ọmọ gidi ni, ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé náà. Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí itan tó ti dá lè máa gùn; tí Ìyá bá gòkè, wọ́n gòkè nìyẹn. Tọkọtaya á jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin, kò sí aládùúgbò tó máa yọjú wá kí ni. Ìyá tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà ń ti ojú títì kí!

Ọkọ mi ni àbíkẹ́yìn, kò tó ẹni tó ń ta ko ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìpàdé ẹbí kì í sì í ṣe ti ìyàwó ilé. Omi ni mo máa ń gbé wọ ibẹ̀, tí mo bá ti gbé e kalẹ̀, mo jáde. Nígbà tí wọ́n wá bi Ìyá fúnra wọn léèrè, Ìyá ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́." Ẹnu tó mú ju abẹ lọ! Inú mi bàjẹ́ gan-an. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí ọjọ́ Àìkú kan, pé Akọ̀wé á gbé ọkọ̀ wá. Èmi àti Ìyá kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, àfi pé wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Ó dára kí apá kejì yẹn tètè dé o." Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí ọjọ́ náà pé ni apá kejì dé. Ẹ ti wá mọ ìdí igbe mi.

Nígbà tí ẹyọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Àwọn tó ya apá kìíní kọ́ ló ya èyí, àbí àwọn kan náà ni, tí ebi ń pa wọ́n. Ojú gbogbo ènìyàn wú. Bí wọ́n bá ń jà, wọn kì í jà mọ́, àwòrán kan á kàn dúró gbagidi, a ó máa gbọ́ gbàmù-gbàmù. Idà tó ń gba oríkì ti di idà lásán. Ìyá ní, "Wọ́n fà á, ó sì jáde? Ó ti di ọ̀bẹ ìdáná nìyẹn." Jẹunkókú ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ nítorí kó má sanra. Àwọn omidan tuntun wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé bí eṣú, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, irun nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí etí òkun lọ wẹ̀. Ẹyọ kan gbáko, ìwẹ̀ ni! Ìyá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé kò sí omi nílé wọn ni?"

Àwàdà tó pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, wọ́n ń gbé e kaná bí ọbẹ̀ ìjẹta, ó sì ti kan. Ìyá ní ìhá ẹyìn tí wọ́n tún fún lẹ́ẹ̀kejì ni, ó pọ́n lójú, kò dùn lọ́bẹ̀. Nígbà míì, bíbú tí a bú eré náà dùn ju eré náà lọ. Bí ó bá mọ sí ibẹ̀ ni, à bá fi ṣẹ̀rín, à bá gbàgbé.

Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Mi kò sí níbẹ̀. Láti ẹyọ àkọ́kọ́ ni Ìyá ti ń béèrè pé, "Ẹgbẹ́ mi dà?" Mo ní ó ń bọ̀. Àga rẹ̀ wà nídìí iná, ọ̀kan nínú àwọn omidan tuntun ló jókòó sórí rẹ̀ tó ń ya irun. Lọ́jọ́ kejì, "Kò tíì dé?" Mo ní bóyá ó lọ já ewé nínú igbó. Nígbà tó yá, wọn kò béèrè mọ́, wọ́n kàn ń na ọrùn sí fóònù ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí nínú eré náà. Ọjọ́ Sátidé la wo èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n jẹun, wọ́n jó, wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Arúgbó kò dé.

Ìyá ń wo fóònù náà títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Wọ́n ní, "Wọn ò tiẹ̀ ní ó kú."

Mo yí fóònù náà dojú bolẹ̀.

"Bí wọ́n bá ní ó kú, èèyàn á mọ̀. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó béèrè rẹ̀. Ojo tó ń gbọ́ oúnjẹ fún, kò béèrè. Wọ́n kàn ń bá eré wọn lọ." Wọ́n fa ìbòrí wọn bo orí dáadáa. "Ó dáa. Bá mi gbé àpò mi, kí n di ẹrù mi."

Mo gbé e fún wọn. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo fi ìbínú rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn rẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo bú àwọn tó ya eré náà, mo bú àwọn tó kọ ọ́, mo bú gbogbo omidan etí òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbínú náà kò lọ. Ìgbà tó ṣe, mo rí i pé kì í ṣe ará Japan ni mò ń bú mọ́. Àwa náà ń yọ arúgbó kúrò nínú ilé, a sì ti ń múra láti máa bá eré wa lọ.

Ọjọ́ kejì, Akọ̀wé dé tòun ti ọkọ̀. Ìbàdí-Àrán náà dé. Wọ́n jókòó yí Ìyá ká ní pálọ̀. Mo gbé omi wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ń fún wọn ní ife lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé, tó máa ń fi Faransé lú Yorùbá, ní, "Bọ̀n, gbogbo wa ti fẹnu kò. Màmá ń bá mi lọ lónìí. Vwalà, ó parí." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá ń wo ilẹ̀. Ó yẹ kí n dìde nígbà náà, kí n jáde, ṣùgbọ́n eékún mi kọ̀.

Mo ní, "Akọ̀wé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má gbé Ìyá lọ."

Akọ̀wé gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Mẹ̀, ìyàwó, ta ló pè ọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí?" Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló burú. Ìbàdí-Àrán ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n tọrọ àforíjì kí n sì máa lọ. Ojú tì mí. Mo gbá abọ́ omi mú, mo fẹ́ dìde.

"Èmi ni," Ìyá wí. "Èmi ni mo rán an."

Wọn kò rán mi. Gbólóhùn kan nípa Kútọnú kò jáde lẹ́nu wọn sí mi rí. Gbogbo ọmọ wọn kọjú sí wọn, wọn kò wo ẹnì kankan nínú wọn, èmi ni wọ́n ń wò.

"Kí ló dé tí o dákẹ́, ìyàwó? Jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ tán."

Mo bá jẹ́ ẹ. Mo ní Ìyá ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé, ọmọ tó dára ni. Mo ní ẹnu ọ̀nà ilé yìí ló wu Ìyá láti máa jókòó sí, níbi tí ará ọjà á ti máa kí wọn lọ kí wọn bọ̀, níbi tí wọ́n á ti béèrè wọn lọ́jọ́ tí wọn kò bá rí wọn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni Ìyá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni pé lóòótọ́ ni wọ́n jókòó kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, Akọ̀wé ní, "Màmá, ṣé ohun tí ẹ wí nìyẹn?"

Ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe wí i."

Akọ̀wé wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó mu omi rẹ̀ tán. Òun nìkan ló wa ọkọ̀ náà padà sí Kútọnú.