Kọ̀ǹpútà Bàbá Ló Jẹ̀bi

Abẹ́rọwí làwọn oníbàárà ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń bá ẹ̀rọ wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?" lẹ máa gbọ́ láti ìdí tábìlì tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Obìnrin tó lè wá àbùkù kan láti àárọ̀ dalẹ́ ni, tí kò ní í jẹun, tí kò sì ní í fẹ́ kí ẹlòmíì jẹun nítòsí òun. Olórí kunkun gbáà!

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí màmá rẹ̀ ní kó wá wo kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀, kò ṣàwàdà rárá. Ayàwòrán-ilé ni bàbá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan báyìí ló fi ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ni gbogbo ilé tó ti yà láyé rẹ̀ wà, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ra òmíràn fún òun. Láìpẹ́ yìí, ìlà tó yẹ kó gún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ògiri yàrá wọnú balùwẹ̀. Oníbàárà méjì ti gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíì, màmá sì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé kí bàbá kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ orí ti dé. Bàbá gbọ́, ó sì dùn ún wọra.

"Máòsì yìí ni," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kì í ṣe èmi."

Abẹ́rọwí jókòó, ó ti máòsì síwájú. Àmì ọfà ojú kọ̀ǹpútà fò fìrì, ó dúró gbagidi, ó tún fò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó. Òótọ́ ni bàbá ń sọ! Ó pààrọ̀ máòsì, kò yí padà. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó yọ káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ó fi òmíràn tó mú wá dípò rẹ̀. Ọfà ń lọ geere. Ó dá káàdì ti tẹ́lẹ̀ padà, ọfà tún há. Ó yé e wàyí. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tó fi ń pe ọpọlọ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kan náà ni káàdì àti máòsì ń fi pè é. Bí káàdì bá ti pariwo, ọpọlọ ò gbọ́ ti máòsì mọ́.

"Bàámi, wọ́n ń jà ni! Káàdì tí wọ́n bá yín fi sí i láìpẹ́ yìí ló ń bá máòsì jà."

"Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Jẹ́ kí ìyá rẹ ti ọjà dé ná. Ó ti sọ mí di arúgbó!"

Abẹ́rọwí fún káàdì ní nọ́ńbà mìíràn. Ó fa ìlà kan, ó gún régé. "Ó yá, Bàámi, ẹ wá jókòó."

Bàbá jókòó, ó di máòsì mú. Ọfà kò fò mọ́, kò sì há. Ó kàn ń gbọ̀n jẹ́jẹ́ ni, ìlà sì wọ́ bí ipa ìgbín. Ó tún un fà. Ó tún wọ́. Abẹ́rọwí wo wáyà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wo gbogbo ibi tí kò nílò wíwò, kó má baà wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Títí dìgbà wo? Ó wò ó níkẹyìn. Ọwọ́ náà ló ń gbọ̀n.

Bàbá mọ̀ pé ó ti rí i. Ó fa ọwọ́ náà sábẹ́ tábìlì.

"Ọmọ mi, nọ́ńbà tó o pààrọ̀ yẹn, ṣé ó ṣeé dá padà?"

"Kí la fẹ́ dá a padà fún, Bàámi?"

"Dá a padà."

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"A máa lọ. Mo gbà, a máa lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rọ ló bà jẹ́ lónìí."

Ẹ má bi mí bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀ o, èmi ò mọ̀. Abẹ́rọwí dá a padà. Ó ń di sukurú tó kẹ́yìn nígbà tí màmá gbé ẹrù ọjà wọlé.

"Ṣé ó ti dáa?"

Ojú ọmọ rẹ̀ ni bàbá ń wò.

Abẹ́rọwí nu ọwọ́ sára aṣọ. "Kò dáa, Màámi. Mo ṣe é títí. Apá mi ò ká a."