Gómìnà Inú Ìkòkò

Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń gé koríko, imú mi á ti gbé mi dé Karaworo, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́jà, kí n tó mọ̀. Òórùn koríko tútù, tí ẹ̀rún pákó gbígbẹ àti ìtọ̀ ẹranko kékeré dà pọ̀ mọ́: òórùn sítọ̀ ilé wa nìyẹn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí èmi àti Ṣadé, àbúrò mi, bá rọra ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí Bàbá tó pe àdúrà. A ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò iṣu. A ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú dúdú méjì á yọ sí wa láti inú ìkòkò.

Ìpínlẹ̀ Kwara ni Lọ́kọ́jà ṣì wà nígbà yẹn. Ará Ìjùmú ni Bàbá, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ọkùnrin tó ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí tí ojú ìlọ̀ náà á fi dà bí ẹnu ọ̀bẹ. Màmá ń ránṣọ ní ọjà Kpata. Ó lè fi Tápà, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Haúsá bá oníbàárà jà lórí aṣọ tó fún un jù, kó sì tún fi èdè kan náà bẹ̀ ẹ́ kó má lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Àwọn méjèèjì kì í sábà ṣe àríyànjiyàn, àfi lórí eku. Eku ti jẹ etí ìwé ẹ̀rí Bàbá kí wọ́n tó bí mi, kò sì dárí jì wọ́n. Bó bá ti rí ìgbẹ́ eku kan ṣoṣo lábẹ́ àga, á dìde dúró, á ní: "Ilé ni mo gbà, n ò gba ihò eku!" A mọ gbólóhùn náà ju àkọ́sórí ilé ìwé lọ.

Nítorí náà, ẹ wo irú ilé tí Àǹtí Ngọzi gbé ẹ̀bùn rẹ̀ wọ̀. Agùnbánirọ̀ ni, ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ó sì gba yàrá kan ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Nígbà tí ọdún ìsìnlùú rẹ̀ parí, ó pè wá sẹ́yìnkùlé, ó sì gbé pálí kan lé mi lọ́wọ́. Ẹranko méjì ló wà nínú rẹ̀. Wọn kò ní ìrù. Ara wọn rí rùbùtù bí búrẹ́dì, irun wọn sì kúnná débi pé ìka mi kò mọ ìgbà tó kan án. Àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n ní ẹmọ́ òyìnbó. Akọ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní funfun lọ́rùn bí ẹni tó de táì. Abo dúdú, ó ní funfun níwájú orí.

Àǹtí fi Píjìn àti Yorùbá díẹ̀ kìlọ̀ fún wa: "No put them for sun o. Ooru máa pa wọ́n kíá. Koríko gbígbẹ, omi mímọ́, igi tí wọ́n á máa gé jẹ, àti ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí. You hear?" A ní a ti gbọ́. Ó gun ọkọ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwa sì dúró pẹ̀lú eku méjì àti bàbá kan.

Sítọ̀ ni a fi wọ́n sí, nítorí Bàbá kì í débẹ̀. Ó ní iṣu máa ń dọ̀tí aṣọ. A rí àpótí pákó tí wọ́n fi kó ìwé Bàbá wá láti Kàbà, a yí i dùbúlẹ̀. A yọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan kúrò lójú fèrèsé ẹ̀yìn, a fi ìṣó kàn án mọ́ ẹnu àpótí. Mo lọ tọrọ ẹ̀rún pákó lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà, mo ní olùkọ́ wa ló ní ká mú un wá. Agolo sàdíìnì di ìkòkò omi wọn. Ẹ̀ka gúáfà di ohun tí wọ́n ń gé jẹ. Ibi ìsápamọ́ ló kù. Ìkòkò amọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ ni ọkàn mi ń fẹ́, nítorí amọ̀ máa ń tutù, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò fífọ́ kankan nílé wa. A ní láti wá bí ọ̀kan ṣe máa fọ́. Ṣadé ló gbé ìkòkò ẹ̀wà Màmá, èmi ni mo ń sọ fún un pé kó rọra, kó rọra, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fọ́ dáadáa, létí nìkan, bí ẹni pé amọ̀kòkò ló bá wa fọ́ ọ. Màmá pariwo, ó ní ká kó o dànù. A kó o lọ sí sítọ̀.

Akọ ni a sọ ní Gómìnà, nítorí táì ọrùn rẹ̀ àti bó ṣe ń jẹun láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Abo ń jẹ́ Àdùnní. Inú wa dùn fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, kí a tó mọ ohun tí Àǹtí gbàgbé láti sọ fún wa: ẹmọ́ òyìnbó kì í gbọ́ ìró koríko kó dákẹ́. Bí nǹkan bá ti dún ṣàràṣàrà, wọ́n á rò pé oúnjẹ ló dé, wọ́n á sì fọn bí ẹni tó ń fọn fèrè: fùìì! fùìì! Ohun tó sì máa ń dún ṣàràṣàrà jù nílé wa ni ìwé ìròyìn Bàbá.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á jókòó ní pálọ̀, á ṣí ìwé náà fẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ sá. Ògiri kan ló wà láàárín òun àti sítọ̀. Ṣàrà! Fùìì! Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wúkọ́. Bàbá ṣí ojú ìwé kejì, Ṣadé náà wúkọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbé ìwé ìròyìn, àwa á ti gbé ikọ́. A wúkọ́ títí Bàbá fi gba ìgò oògùn kan bọ̀ láti ọsibítù. Oògùn dúdú ni, ó ki, ó korò débi pé ahọ́n mi kò mọ adùn iyọ̀ mọ́. Ṣíbí kíkún láàárọ̀, ṣíbí kíkún lálẹ́. A mu ún láì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá ń mu oògùn kíkorò láìjanpata, ẹ lọ wo sítọ̀ yín.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun, Ṣadé gbàgbé ara rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní: "Ṣé Gómìnà ti jẹun?"

Bàbá gbé orí sókè. "Gómìnà wo?"

"Ní ilé ìwé ni, sà," ni mo sọ. "Wọ́n ní ká máa ronú nípa àwọn aṣáájú wa."

Bàbá wo Màmá pẹ̀lú ìyangàn. "Ìyá Dúpẹ́, ṣé o gbọ́? Ọmọ tó ń ronú bóyá ìjọba ti jẹun!" Ó fi ẹran kan kún tèmi, ó fi ọ̀kan kún ti Ṣadé. Mo gbọ́ pé ó sọ ọ́ ní ọ́fíìsì.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò di. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí á tẹ́tí bí ajá. "Eku wà nílé yìí," ló sọ. "Eku ńlá." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé àpò kan dé tó ń jà fúnra rẹ̀. Ó yá ológbò lọ́wọ́ bàbá Tápà kan tó ń ta ẹja ní Kpata, ẹni tó búra fún un pé, "Wálàhí, eku tó bá gbọ́ òórùn ológbò yìí, Kàbà ló máa sá lọ."

Ológbò náà pupa, etí rẹ̀ kan ti ya. Ilẹ̀kùn sítọ̀ ló kọ́kọ́ lọ jókòó sí. Èmi àti Ṣadé kò lè jẹun. A mọ̀ pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá èékánná yẹn dúró, a sì mọ̀ pé bí a bá lé e, wọ́n á bi wá ní ìdí. Ṣadé, tó jẹ́ pé a kì í ka ìmọ̀ràn rẹ̀ sí, ló sọ ọ́: "Tó bá ti yó, kí ló máa fi eku ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ ni ẹja inú ìkòkò ọbẹ̀ Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Orí ẹja ni a kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ìrù, lẹ́yìn náà àárín. Ológbò sanra. Ó fi ẹnu ọ̀nà sítọ̀ sílẹ̀, ó ń sùn lórí àga Bàbá. Màmá fi ọmọrogùn lé e yí ilé ká. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ wá kó olè yín lọ! Ó jẹ odindi ẹja àrọ̀!" Bàbá ní ológbò tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Màmá ní iṣẹ́ wo? Bàbá ki ológbò náà bọnú àpò. Ó gbé e padà sí Kpata, bàbá Tápà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀, ó ń bi í bóyá ológbò tí òun yá a ti lóyún.

A rò pé a ti borí. Ìgbà yẹn ni ooru dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Lọ́kọ́jà mọ ooru tí mò ń sọ, èyí tó máa ń wọlé lẹ́yìn ọyẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, tí Òkè Pàtì á dí afẹ́fẹ́ mọ́ wa, tí omi odò pàápàá á dà bí èyí tí wọ́n gbé kaná. Páánù ló wà lórí sítọ̀. Mo dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ta koríko ṣàrà, ẹnikẹ́ni kò fọn. Àdùnní ń mí gùlegùle. Gómìnà nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo omi rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tutù fún itọ́.

A gbé wọn, ìkòkò àti gbogbo rẹ̀, lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sẹ́bàá àmù Màmá, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù jù nínú ilé. A ta omi sí Gómìnà lára. Kò mira. Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà sì tẹ̀ lé e. A kò gbọ́ ìgbà tí Bàbá wọlé, a kò gbọ́ ìgbà tó jókòó. Ohun tí a gbọ́ ni ṣàrà! ìwé ìròyìn, àti Àdùnní tó fọn lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Bàbá yọ sí wa pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Mo ń retí "Ilé ni mo gbà." Ṣadé kò jẹ́ kó sọ ọ́. "Bàbá," ló ké, "Gómìnà ń kú lọ!"

"Gómìnà w—" Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń lọ láti orí ẹranko náà sórí wa, tó ń ka ikọ́, tó ń ka ológbò, tó ń ka ẹran méjì tó fi kún oúnjẹ wa. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí n kò rí i kó ṣe rí: ó fi ṣòkòtò tó lọ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìhà Gómìnà. "Ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù," ló sọ. "Dúpẹ́, rẹ àpò yẹn sómi. Tètè!" Ó fi àpò tútù tẹ́ abẹ́ rẹ̀, ó ká ìwé ìròyìn, ó sì ń fẹ́ ẹ.

Ó pẹ́ tó ń fẹ́ ẹ. Ìwé náà ń dún lókè orí ẹranko yẹn, ṣàrà, ṣàrà, títí etí kan fi gbọ̀n. Gómìnà gbé imú sókè, ó wá koríko yí ká, ó sì fọn. Kò ju fùì kékeré kan lọ, ó kún fún ìbínú ẹni tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá fún.

Ẹsẹ̀ Màmá ló dún lẹ́nu ọ̀nà. "Okun o, ará ilé," ló fi kí wa bí àwọn ará Ìjùmú ti máa ń kíra. Ó dúró. Ó rí ọkọ rẹ̀ lórí eékún, ó rí ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀. "Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ ń fẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

"Gómìnà," ni Bàbá dáhùn, kò sì gbé orí sókè. "Gómìnà ni mò ń fẹ́."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àmù mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ká kúnlẹ̀, ká gbé ọwọ́ sókè, ká sì ròyìn ẹja rẹ̀ fún òun láti orí dé ìrù.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá kan ilé fún wọn fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ilé ẹlẹ́sẹ̀ gíga tó ní òrùlé bẹẹrẹ tí ó rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan láti Agbaja. Ilé náà wọ́ sápá kan, ìṣó rẹ̀ sì pọ̀ ju pákó lọ, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀. Bàbá sọ fún gbogbo àlejò pé wọn kì í ṣe eku. Àdùnní bímọ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tàn ká Karaworo.

Mo ti dàgbà ju Bàbá ìgbà yẹn lọ báyìí. Mo ní kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ilẹ̀kùn ilé mi, mo mọ ohun tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń ṣọ́ra kí n tó sọ̀rọ̀, mo ń gba àyè kí n tó ṣe nǹkan, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé mo jẹ́ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn kì í ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀dá kan bá wà tó fẹ́ gbà sílé, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á wá igun kan fún un. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé bí èmi àti ọmọ náà bá pàdé ní ọ̀nà Kpata lónìí, yóò mọ irú ẹni tí mo dà lójú ẹsẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, yóò ní "Ẹ káàsán, mà," yóò sì rọra fi ohun tó gbé lọ́wọ́ pamọ́ sẹ́yìn títí n ó fi kọjá.