Àdògán Ilẹ̀ Yìnyín ní Totsi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́ àdúgbò wa ní Totsi, nílùú Lomé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á pe ọmọ aládùúgbò tó gbọ́n díẹ̀, á sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Èmi ni ọmọ náà. Mo fi okùn so wọ́n kọ́ ọrùn, mo sì ń yan kiri bí ìyàwó tuntun.

Lọ́dún tí ìyanṣẹ́lódì ńlá dá Lomé dúró, tí àwọn èèyàn ń bèèrè fún ìjọba tuntun tí ìbọn sì ń dá wọn lóhùn, ọ̀pọ̀ di ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí Ghana àti Benin. Opó kan wà lára wọn, ọmọ ẹ̀yà Mina, ògiri kan náà ni ilé rẹ̀ àti tiwa jọ ní. Àkàsà ló ń sè tà. Wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀ kí ó tó kú, òun ló fi ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù ṣe àdògán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún un, èyí tó ń gba ìkòkò tí ọmọ kékeré lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Kò lè gbé e sá lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi tọ́jú àdògán mi. Tí mo bá padà dé, òun ni màá fi jẹun."

Bàbá mi ń ta àga àlòkù ní ọjà Hédzranawoé. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó kan ní ètò kan, pùrójẹ̀ ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n fi ń pín àdògán onírin tí kì í jẹ èédú púpọ̀. Mú àdògán àtijọ́ rẹ wá, wọ́n á fọ́ ọ lójú ẹ kí o má baà padà sídìí rẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní tuntun. Tí o bá mú mẹ́ta wá, wọ́n á fi àtùpà tó ń lo oòrùn kún un. Èédú ti wọ́n nígbà yẹn, iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège. Àtùpà náà wọ bàbá mi lójú. Àdògán méjì péré la ní.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bàbá mi ni o, ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ni baba ọ̀kánjúà. Ó nawọ́ sí mi pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ìyá mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sọ́wọ́ wa nìyẹn o!" Bàbá mi ní tuntun ni obìnrin náà máa bá, pé yóò tún dúpẹ́ ni. Mo lè parọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Mi ò parọ́. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì fọ́ àdògán opó náà mọ́ méjì tiwa.

Ẹ wá wo àdògán tuntun! Ọkùnrin méjì ló gbé ọ̀kan wọlé. Irin yí i ká látòkè délẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn kékeré níwájú àti páìpù èéfín lẹ́yìn. Ìgbà tí mo dàgbà ni ẹnì kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé orí òkè kan tó jìnnà réré, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ni wọ́n ṣe é fún, kí ó lè se oúnjẹ kí ó sì mú ilé móoru. Ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá kó o wá fún wa. Ní Lomé! Níbi tí ooru ti ń lé wa jáde sùn sí àgbàlá! Inú ṣì ń bí mi.

Ìwé wọn ní inú yàrá ni kí á gbé e sí, bàbá mi ò sì ní tàpá sí ìwé. Òógùn bò ó, ó ń fi ìwé náà fẹ́ ara rẹ̀, ó ń sọ pé, "Iṣẹ́ ọpọlọ nìyí." Àtùpà oòrùn ńkọ́? Ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí olè má baà rí i. Oòrùn náà ò rí i. Kò tàn ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, opó náà dé. Ó wo ojú ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́ta àdògán rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ wọnú, ó wò mí. Bàbá mi sáré pe ẹnì kan, wọ́n jọ gbé àdògán onírin kan wá, ó tún gbé àtùpà lé e. Obìnrin náà gbé ìkòkò àkàsà rẹ̀ ka ojú ihò kékeré tó wà lórí rẹ̀, ìkòkò fì sápá kan, ó yára dì í mú.

Ó ní, "Fofo," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lédè Mina, "mi ò bèèrè àtùpà. Àdògán ọkọ mi dà?"

Orí òkúta mẹ́ta ló ti ń se àkàsà láti ọjọ́ náà, igi tó sì ń jó lójúmọ́ ju èédú tó ń jó tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe bá wa dín ìnáwó iná kù!

Ayé ti yí padà. Sólà wà lórí ilé mi ní Adidogomé báyìí, ó ń ṣiṣẹ́, mi ò tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún dé pẹ̀lú ìwé: kí n kó fìríìjì àtijọ́ mi sílẹ̀, kí n gba tuntun tí kì í jẹ iná. Mo bi í bóyá ó tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń fi fìríìjì mi ṣe. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo ní kó máa lọ.

Ẹ máa ń bi mí ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún aládùúgbò mọ́. Èmi mọ ọjọ́ tó parí ní tiwa. Kí ọdún náà tó pé, ìbọn tún dún, opó náà tún di ẹrù. Mo lọ dúró lẹ́bàá ògiri, okùn mi lọ́rùn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mì í wò. Ó kí mi dáadáa, ó bèèrè ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì lọ.