Ìràwọ̀ Tó Yí Ẹ̀sìn Padà

Iná funfun kan ló da èmi àti ìyá onílé wa pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, nígbà tí mo wà ní ọdún ìkẹyìn mi ní yunifásítì. Àwọn olè kan ti wá jí ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú ọgbà, ni ìyá onílé bá ra iná sólà ńlá kan, ó ní kí wọ́n gbé e sórí ilé, níbi tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ pẹrẹsẹ tí a máa ń sá aṣọ sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná náà á tan fúnra rẹ̀, orí ilé á mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè ṣa òkúta inú ẹ̀wà níbẹ̀. Inú gbogbo ayálégbé dùn. Èmi nìkan ni ojú mi fà ro, nítorí pé orí ilé yẹn ni mo ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, òkùnkùn ni mo sì ń wá.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ mi gbé fún mi ni pé kí n wọn ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ìràwọ̀ kan. Ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Idì, kì í sì í dúró sójú kan. Ó máa ń wú, ó máa ń sún kì, bí àyà ẹni tó ń mí. Nígbà tó bá gbóná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sún mọ́ búlúù. Bó bá ti ń tutù, á máa rẹ̀ sílẹ̀, á sì máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Màá fi gíláàsì búlúù bo ojú kámẹ́rà tí mo yá nílé ẹ̀kọ́, màá ya fọ́tò, màá tún fi gíláàsì aláwọ̀ ewé àti pupa ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti ìràwọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í yí padà. Iná èbúté Àpápá ti sọ apá kan ojú ọ̀run di pupa bí ìgbà tí wọ́n ń sun igbó. Tí ti orí ilé bá tún kún un, ó parí nìyẹn.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá onílé. Àlájà ni, ó ti ta táyà fún àwọn onítírélà ní Liverpool Road fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí irú irọ́ tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ó bi mí pé irú ìràwọ̀ wo ló ń mí, ṣé ó nímú ni. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Níkẹyìn ó gbà pé òun á máa pa iná náà fún ìwọ̀nba àkókò tí mo bá fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ máa fi fọ́tò náà han òun ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Bí mi ò bá fojú ara mi rí i pé ó ń yí padà, iná mi á máa tàn."

Ìràwọ̀ náà ń rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ìyá onílé máa ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà mi, á mi orí. Ó ní ara nǹkan yìí kò yá. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀ ní mọ́sáláṣí pé kí wọ́n bá òun ṣe àdúrà fún aláìsàn kan, kò sọ irú aláìsàn tó jẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ yòò. Àlájà wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò ní ìgbàgbọ́. Mo sáré gbé ẹfun, mo ya bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ sílẹ̀ sí ilẹ̀ ọgbà, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ayálégbé kan dúró, ó wò ó dáadáa, ó bi mí bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà gbà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀. Ìròyìn dé ọjà Boundary pé ìràwọ̀ kan wà lórí ilé Àlájà tó ń gbọ́ àdúrà. Mo pa ẹnu mi mọ́. Iná ti kú, fọ́tò mi ń pọ̀, kí ni mo tún ń wá?

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Jímọ̀ kan wá tí ìràwọ̀ kò mọ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló tó tàn. Bàbá kan tó ń wa tírélà ń gbé nínú yàrá ìsàlẹ̀, Sátidé sì ni ìjọ tirẹ̀ ń sin Ọlọ́run. Ó gun orí ilé wá pẹ̀lú ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ó wo fọ́tò, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀.

"Màmá, ìràwọ̀ yín ti jọ́ìnì ṣọ́ọ̀ṣì wa o."

Àwàdà ni bàbá náà ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyá onílé kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tan iná rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ìràwọ̀ náà ti ń sún lọ sí ìwọ̀ oòrùn, láìpẹ́ òun àti oòrùn á jọ máa wọ̀, olùkọ́ mi sì ti kìlọ̀ pé bí fọ́tò mi bá já láàárín, ọdún tó ń bọ̀ ni màá tún un ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá Àlájà lórí ilé, ó jókòó sábẹ́ iná náà, ó ń ka tẹ̀súbà. Mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ kan àti wákàtí díẹ̀ ni ìràwọ̀ yìí fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan, pé àwọn wákàtí díẹ̀ yẹn ló ń kóra jọ títí wọ́n fi tì í kúrò ní Jímọ̀. Bó bá pẹ́, á kúrò ní Sátidé náà, á dé ọjọ́ Àìkú, á sì kọjá sí Mọ́ńdè.

Ó ká tẹ̀súbà rẹ̀ sọ́wọ́. "Àwọn wo ló ń sìn lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Kò sí, Màmá. Ibi iṣẹ́ ni kálukú ń lọ."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká rẹ̀ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná, ó ní kí n jẹ́ kí ìràwọ̀ máa lọ, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń rìn. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn bàbá onítírélà, ó sọ fún un pé àwọn ọlọ́jọ́ Àìkú máa tó wá gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ ìjọ tirẹ̀ náà. Ó dun bàbá yẹn ju bí mo ṣe rò lọ.

Nígbà tí mo dé iwájú àwọn olùdánwò, ọ̀kan nínú wọn bi mí bí mo ṣe kọ́kọ́ fura pé ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo ti há ìdáhùn ìwé sórí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní ìjà ẹ̀sìn ló fi hàn mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ mi fi ń fọwọ́ bojú. Mo yege.

Lónìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ kan ní Amukoko. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé yẹn nígbà náà, nítorí mo rò pé ó máa bà wọ́n nínú jẹ́. Ìràwọ̀ náà jìnnà gan-an. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ jà ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí mo lọ kí Àlájà láìpẹ́ yìí, ara rẹ̀ ti ń dara àgbà, mo wá sọ ọ́ fún un. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Àdúrà àwọn tó ṣáájú wa ló gbà nígbà yẹn nìyẹn. Tiwa ṣì ń lọ lọ́nà."

Mo ní kí n bá a jiyàn, àmọ́ mo rí i pé mi ò ní ẹfun tí mo lè fi ya ìyẹn sílẹ̀.